Mo fẹ́ tún pláànù káwọ́ọ̀ṣì mi kọ l'Ádó-Èkìtì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Odò-Adó

Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará, Èkìtì kete. Mo ní ibi ìfọmọ́tò kan ní ọ̀nà Ìwòròkó níbí l'Ádó, 2021 ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló bá mi kọ bísínẹ́ẹ̀sì pláànù olójú ewé mẹ́rin nígbà yẹn, òun ni mo mú lọ sí kọpurétíìfù wa tí wọ́n fi yá mi lówó. Báyìí mo tún fẹ́ yá mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kí n fi gbẹ́ bọ́hóòlù kí n sì ra maṣíìnì kejì, wọ́n ní kí n mú pláànù tuntun wá, pé ti àtijọ́ ò wúlò mọ́. Mo wá ìwé náà jáde, mo kà á, àyà mi já. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ kékeré ₦700, jíìpù ₦1,000, epo lítà kan ₦165, mọ́tò 20 lójúmọ́. Ẹ wò ó, ọkọ̀ kékeré ti di ₦2,000 lọ́dọ̀ mi, jíìpù ₦3,000, epo tí mo rà láàárọ̀ yìí ₦900 ni lítà.

Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ní, maṣíìnì kan tó ń tú omi, jẹnẹrétọ̀ kan, fákúùmù kan, àti kànga kan tó máa ń gbẹ láti December títí òjò á fi dé, tó bá ti gbẹ táńkà ni mò ń pè. Ọwọ́ mi ń dí láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ tí oṣù bá parí mi ò rí nǹkan tí mo lè nawọ́ sí pé èrè rèé. Bẹ́ẹ̀ àsìkò ọyẹ́ yìí gan-an ló yẹ kí n máa pawó, torí mọ́tò tí wọ́n fọ̀ láàárọ̀ á ti kún fún eruku kó tó dalẹ́. Kí ni kí n kọ sínú pláànù tuntun yìí? Ṣé kí n kàn yí àwọn iye owó yẹn padà ni?

Ìyá Ìbejì Ajílosùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olúwa á bù sí i. Lójú tèmi owó ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kún. Èmi tí mò ń ta búrẹ́dì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fowó lé e láàárín ọdún kan, àwọn èèyàn kùn, wọ́n sì tún rà á. Ẹ sọ ọkọ̀ kékeré di ₦3,000, kí ẹ ra maṣíìnì kejì yẹn kíá, ẹ ó rí i.

Akáúńtáǹtì Bàsírì

Mà, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ọmọ Odò-Adó, má tíì fowó kún nǹkan kan, má sì tíì yá kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ iye owó nìkan lo yí padà nínú ìwé yẹn, ògiri tó ti là lo kàn ń kùn lọ́dà. Dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta yìí: mọ́tò mélòó lò ń fọ̀ lójúmọ́ ní tòótọ́? Lítà omi mélòó ló ń bá mọ́tò kan lọ? Wákàtí mélòó ni jẹnẹrétọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́?

Ọmọ Odò-Adó

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Mọ́tò, mo rò pé á tó 18 sí 20. Omi, mi ò wọ̀n ọ́n rí. Jẹnẹrétọ̀, a máa ń tàn án tí mọ́tò àkọ́kọ́ bá ti dé, ó tún di ìgbà tí a bá fẹ́ jẹun ọ̀sán ká tó pa á.

Akáúńtáǹtì Bàsírì

"Mo rò pé" yẹn ni kí o lọ mú kúrò. Ra ìwé onílà kan lónìí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mọ́tò tó bá wọlé, kọ aago tó wọlé, aago tó jáde, irú mọ́tò tó jẹ́, iye tó san, bóyá owó lọ́wọ́ ni àbí tíráńsífà. Lẹ́yìn ìwé, kọ lítà epo tí o dà sí jẹnẹrétọ̀, ọjọ́ tí táńkà já omi àti ọjọ́ tí omi ọ̀hún tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ, ọjọ́ tí o ṣí kẹ́ẹ̀gì àti ọjọ́ tó gbẹ. Ìwọ fúnra ẹ ni kí o kọ ọ́ o, má gbé e fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Tí o bá ṣe é tán, padà wá síbí ká jọ ṣírò ẹ̀, mo ṣèlérí.

Nǹkan kan tún wà. Láti January 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí wọ́n gbé owó orí lé lórí lọ́dún ò ní owó orí rárá. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ fi hàn ẹnikẹ́ni pé èrè òun ò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò? Torí náà ìwé yẹn á gbà ọ́ ní ọ̀nà méjì.

Olùkọ́ Obìnrin

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí kọ́sítọ́mà ni mí, ọ̀nà Ìwòròkó yẹn ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Owó kọ́ ló ń lé mi kúrò níbi ìfọmọ́tò, jíjókòó dúró ni. Sátidé kan mo gbé mọ́tò lọ síbì kan nítorí ìgbéyàwó tí mo fẹ́ lọ, wọ́n ní ààbọ̀ wákàtí, mo jókòó sórí táyà nínú oòrùn fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, gèlè lọ́wọ́, wọ́n sì ti ń jó níbi ìyàwó. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ìgò ojú tí mo fi ń kàwé ò sí nínú mọ́tò mọ́. Mi ò padà lọ pariwo, mi ò kàn débẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin tí mo sọ fún náà ò débẹ̀ mọ́.

Àbúrò, tó bá jẹ́ pé o sọ fún mi pé aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mọ́tò mi máa jáde, tó sì jáde bẹ́ẹ̀, tí ìbòji wà, tí àga wà, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ wà tí obìnrin lè wọ̀, ₦500 lé lórí ò ní dùn mí. Ohun tí mò ń sanwó fún gan-an ni àkókò mi, kí o kọ ìyẹn sójú ewé àkọ́kọ́.

Mẹkáníìkì Ìkẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ ńlá ni mà. Èmi náà fẹ́ fi méjì kún un. Èkíní, ta ló ń wa mọ́tò kọ́sítọ́mà lọ́dọ̀ yín? Ọmọ iṣẹ́ tó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíná lásán kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣítíà. Mo ti tún Corolla kan ṣe tí ọmọ kékeré kan gbé lu ògiri níbi tó ti fẹ́ yí i padà sẹ́yìn, owó iná iwájú àti bọ́ńpà nìkan ju owó mọ́tò 60 tí wọ́n bá fọ̀ lọ, ọ̀gá ẹ̀ ló san án. Ẹni kan ṣoṣo ni kí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Èkejì ni fífọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má máa fi ìbọn omi kọlu ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná. Mọ́tò ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà àti sẹ́ńsọ̀ ló kún inú ẹ̀, omi tó bá wọ ibi tí wáyà ti so mọ́ra àbí tó wọ inú ọ́tánétọ̀, mọ́tò lè má ṣíná mọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì lè di ọjọ́ kẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣégeṣège. Kó kọ́kọ́ tutù, ẹ fi náírọ́ọ̀nù bo ọ́tánétọ̀ àti àpótí fíúùsì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi díẹ̀ ṣe é. Kí owó ẹ̀ dá dúró, kí ẹni tó ni mọ́tò sì sọ pé òun fẹ́ ẹ kí ẹ tó ṣe é.

Ọlọ́ṣẹ Ìjerò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọṣẹ olómi ni mò ń ṣe, mo máa ń gbé e wá s'Ádó. Púpọ̀ nínú àwọn aláfọmọ́tò, ọṣẹ tó ń hó gọ̀gọ̀ tó sì wọ́n pọ́ọ́kú ni wọ́n ń bèèrè, ọ̀pọ̀ ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ni kọ́sítíìkì pọ̀ jù nínú ẹ̀, àwọn mìíràn tún ń lo ọṣẹ ìyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ. Ó máa ń gé ìdọ̀tí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń bó ìpara tó ń dáàbò bo ọ̀dà mọ́tò, tó bá pẹ́ mọ́tò dúdú á wá rí bí ẹni tí wọ́n da eérú sí lára. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni kí wọ́n wá ọṣẹ tí kò korò, kí wọ́n sì fi ife wọ̀n ọ́n, kò sídìí tí ọmọ iṣẹ́ á fi máa da ọṣẹ látinú kẹ́ẹ̀gì sínú báàkẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń bu omi mu. Tówẹ̀lì tí wọ́n fi nu táyà, kò gbọ́dọ̀ kan ara mọ́tò láéláé, yanrìn tó há sínú ẹ̀ ló ń ya mọ́tò lára. Ẹ ra aláwọ̀ méjì, pupa fún táyà, búlúù fún ara.

Lásìkò ọyẹ́ yìí ńkọ́, ẹ fi omi ṣan eruku kúrò kí ẹ tó fi nǹkan kankan kàn án. Bí ẹ bá fi tówẹ̀lì gbígbẹ nu eruku yẹn, bíi kí ẹ fi sáńpépà ha á ni.

Ọmọ Odò-Adó

Mo ti padà dé o. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ọjọ́ 12 ni mo ṣiṣẹ́ torí mi ò kì í ṣí ní Sunday. Ẹ̀gbọ́n Akáúńtáǹtì, ojú tì mí láti kọ ọ́ ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rí òótọ́ ẹ̀ kí ẹ lè ràn mí lọ́wọ́.

Mọ́tò 144 ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn 12 lójúmọ́. Mo ti ń sọ 20 láti ọdún tó ti pẹ́! Sátidé ni mo ń rí 21, Friday 16, Tuesday kan wà tó jẹ́ 6 péré. Ọkọ̀ kékeré 96, jíìpù 48, owó tó wọlé ₦336,000. Epo, lítà 96, ₦86,400. Táńkà omi lítà 10,000 já lẹ́ẹ̀mẹta, ₦20,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦60,000 nìyẹn. Ọṣẹ àti ohun tí a fi ń dán táyà ₦18,000. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń gba ₦30 nínú ₦100 tó bá wọlé, ó jẹ́ ₦100,800. Owó ilẹ̀ ₦240,000 lọ́dún. Mọ́tò tó bá wọlé ní Sátidé, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35 ló ń lò kó tó jáde.

Akáúńtáǹtì Bàsírì

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́, iṣẹ́ tó yẹ kó o ṣe lo ṣe yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ lójú gbogbo ayé. Owó ilẹ̀ tí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 300, ₦800 ni lójúmọ́, ₦9,600 fún ọjọ́ 12. Gbogbo ìnáwó ẹ ₦274,800. Ohun tó kù ₦61,200, ìyẹn ₦5,100 lójúmọ́, ìwọ ò sì tíì gba owó oṣù, o ò tíì ya nǹkan kan sọ́tọ̀ fún maṣíìnì tó máa bàjẹ́.

Wá wò ó ní mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Yọ owó àwọn ọmọ iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, epo, omi, ọṣẹ àti ilẹ̀ jẹ́ ₦14,500 lójúmọ́, pín in sí mọ́tò 12, bíi ₦1,208 ló wà lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ kékeré tó san ₦2,000, ọmọ iṣẹ́ mú ₦600, ₦1,208 lọ, ₦192 ló kù fún ẹ. Jíìpù tó san ₦3,000, ọmọ iṣẹ́ mú ₦900, ₦892 kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíìpù máa ń mu omi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé o rí ibi tí èrè ẹ wà? Nínú mọ́tò mẹ́jọ kékeré tí o ń fọ̀ lójúmọ́, owó tí o ń rí ò tó èyí tí jíìpù méjì ń fún ẹ. Ohun tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ pláànù yẹn ni epo àti omi, torí ₦12,200 lójúmọ́ ló ń bá àwọn méjèèjì lọ.

Bọ̀dá Ìlawẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè, mo fọ mọ́tò fún ọdún méje kí n tó yà sídìí iṣẹ́ mìíràn, ẹ jẹ́ n bi Ọmọ Odò-Adó. Tí ẹ bá fẹ́ fọ mọ́tò kan, ìṣẹ́jú mélòó gan-an ni maṣíìnì fi ń tú omi? Tí ẹ bá ka ìgbà tí ẹ fi omi ṣan eruku àti ìgbà tí ẹ fi ṣan ọṣẹ, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Mọ́tò 12 lọ́nà mẹ́jọ, ìṣẹ́jú 96. Wákàtí kan àti díẹ̀. Ẹ̀yin wá tan jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, láti ọ̀sán dìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ń ké, kò sẹ́ni tó ń lò ó, epo ₦900 ló ń jó. Ẹ kó fákúùmù pọ̀ mọ́ àsìkò tí ẹ bá fẹ́ fi tú omi, ẹni kan ń gbá inú, ẹni kan ń fọ òde mọ́tò mìíràn, ẹ pa á tí ẹ bá ti ṣe tán.

Omi náà, 30,000 lítà fún mọ́tò 144, ó lé ní lítà 200 fún mọ́tò kan. Ó pọ̀ jù! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ̀ ń lo rọ́bà lásán láti fi ṣan ọṣẹ, ọmọ iṣẹ́ á jù ú sílẹ̀ kó lọ mú tówẹ̀lì, omi ń ṣàn lọ. Ẹ ra ìbọn tí omi ò ní jáde àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Maṣíìnì tó ń tú lítà mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́jọ jẹ́ lítà 64, ẹ fi báàkẹ́ẹ̀tì méjì kún un fún ọṣẹ, kò lè kọjá 100.

Ẹ̀yin ẹ sì ní maṣíìnì kejì lẹ fẹ́ rà. Ní Sátidé tí mọ́tò 21 wá, maṣíìnì kan yẹn ò ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Òun kọ́ ló ń fa ìdádúró. Ohun tó ń fà á ni pé ọmọ iṣẹ́ kan máa ń gba mọ́tò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nítorí owó tí ó máa mú níbẹ̀, gbogbo wọn á wá to lẹ́yìn ìbọn kan àti fákúùmù kan. Ẹ pín iṣẹ́: ẹnì kan ọṣẹ àti omi, ẹnì kan inú, ẹnì kan nínù àti táyà, kí owó di àpapọ̀, kí wọ́n pín in nírọ̀lẹ́.

Ọmọ Odò-Adó

Bọ̀dá, rọ́bà lásán ni lóòótọ́! Báwo lẹ ṣe mọ̀! Ṣùgbọ́n bọ́hóòlù ńkọ́, ṣebí tí mo bá ní omi tèmi, kò ní kàn mí bó ṣe wù kó ṣàn tó?

Agbẹ́kànga Ìkòlé

Ibí lọ̀rọ̀ kàn mí. Omi tó bá jáde láti bọ́hóòlù, epo ló fà á wá, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èkejì, orí àpáta ni Èkìtì wà, ẹ wo òkè tó yí Ìkẹ́rẹ́ ká, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ ilẹ̀ ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa ò tẹ́ rẹrẹ bíi ti ìlú etí òkun, inú ibi tí àpáta ti là àti inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta ló máa ń wà. Ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan á rí omi, èkejì á gbẹ́ ẹ jìnnà kó tó rí ìwọ̀nba, àbí kó má rí rárá, ẹni tó gbẹ́ ẹ á sì gbowó ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kọ́kọ́ wá, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ ní February àbí March tí ilẹ̀ ti gbẹ dénú. Bọ́hóòlù tí wọ́n gbẹ́ ní September, tó ń tú omi yàà, ẹ má tíì yọ̀, ẹ dúró kí ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá lórí ẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe ná tó bá jẹ́ èmi ni kí n mú kí kànga yẹn jìn sí i, àti kí n so ọ̀páǹdá, ìyẹn gọ́tà tó ń gba omi òjò, mọ́ etí páànù orí òrùlé. Òrùlé tó bá jẹ́ mítà 10 lọ́nà mítà 6, òjò mìlímítà 20 kan ṣoṣo á fún yín ní nǹkan bíi lítà 1,200. Fún ẹni tó ń lo lítà 100 fún mọ́tò kan, omi mọ́tò 12 nìyẹn. Òjò àkọ́kọ́ ní March sí April, tí kànga ò tíì sun, ìgbà yẹn ló máa wúlò jù, ẹ kàn jẹ́ kí ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ fi fọ eruku òrùlé dànù.

Ìyá Ìbejì Ajílosùn

Ẹ̀yin èèyàn yìí mọ nǹkan o, mo ti gbà pé mo kánjú lórí ọ̀rọ̀ owó yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n tún sọ ọ̀kan: kí ó gbé bíà tútù àti pẹ́pẹ́súùpù síbẹ̀, ẹni tó ń dúró á máa náwó, mo rí i ní Àkúrẹ́, ọgbà kún fọ́fọ́.

Olùkọ́ Obìnrin

Ẹ̀gbọ́n mi, ọgbà á kún lóòótọ́, àwa obìnrin tá a dá wá ò sì ní lè jókòó síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ọmọ iṣẹ́ tó bá tún lọ tọ́ ọ wò, ó fẹ́ wa mọ́tò mi. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan yá ìyá tó ń gúnyán, Èkìtì la wà, ta ni ò ní jẹ iyán gbígbóná tó bá ń dúró de mọ́tò ní ọjọ́ Sátidé?

Akọ̀wé Àjọ Ọ̀tùn

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọpurétíìfù kan ni mí láti ọdún mọ́kànlá, kì í ṣe ti Ọmọ Odò-Adó. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí a máa ń wá nínú pláànù tí wọ́n bá gbé síwájú wa. A kì í wo oṣù tó dára, gbogbo èèyàn ló máa ń kọ December, tí àwọn ará ìlú òkèèrè wálé, àti ọ̀sẹ̀ Ọdún Udírokò tí wọ́n ń ṣe l'Ádó ní August. Oṣù tó burú jù là ń wò. Òjò ojoojúmọ́ ti June ńkọ́, tí èèyàn á ní òjò á bá òun fọ̀ ọ́? Ìgbà tí àwọn ọmọ yunifásítì bá lọ sí ìsinmi ńkọ́? Ní 2022 tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti February di October, mo mọ ẹni tí gbogbo kọ́sítọ́mà ẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, àwa la jókòó tì í tí a fi tún ọ̀nà tó máa gbà san owó wa ṣe. Wá àwọn mìíràn mọ́ wọn: onítakisí tó máa fọ òde nìkan ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kí ó tó bọ́ síta, ilé ìjọsìn tó ní bọ́ọ̀sì, ẹni tó fẹ́ fọ kápẹ́ẹ̀tì kó tó di ọdún.

Tó bá tún jẹ́ pé owó òwò àti owó ọbẹ̀ ilé ló wà nínú àpò kan náà, a máa ń mọ̀.

Ará Etídò

Mi ò mọ̀ nípa èrè, ṣùgbọ́n mò ń gbé níbi tí omi káwọ́ọ̀ṣì ń ṣàn gbà. Ẹrẹ̀ tó láwọ̀ eérú, epo ẹ́ńjìnnì lórí ẹ̀, àwọn ọmọ wa ń rìn nínú ẹ̀ lọ síléèwé, tí òjò bá dé gbogbo ẹ̀ á bọ́ sínú odò Ureje. Ẹ jọ̀ọ́, kí pláànù yín ní ibi tí omi ìdọ̀tí máa lọ. Kòtò mẹ́ta tó tẹ̀ léra, wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ: yanrìn á jókòó sínú àkọ́kọ́, epo á léfòó lórí èkejì kí ẹ máa bù ú kúrò, èyí tó mọ́ díẹ̀ á bọ́ sí ìkẹta. Nísàlẹ̀ ni kí páìpù ti mú omi látinú èkejì bọ́ sí ìkẹta, kí epo tó wà lókè má bàa tẹ̀ lé e.

Ọmọ Odò-Adó

Ẹ kú àdúrótì o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Màá kọ ohun tí mo ṣe torí ọ̀rọ̀ yín ò bọ́ sílẹ̀.

Ìbọn atẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà, ọjọ́ kejì tí Bọ̀dá Ìlawẹ̀ sọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀, kò sẹ́ni tó ń tàn án mọ́ àfi tí mọ́tò méjì bá ti wà nílẹ̀ tàbí tí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi táńkà tó ń lo ọjọ́ mẹ́rin tẹ́lẹ̀ ń lo ọjọ́ méje báyìí, kò tíì pé mẹ́jọ tó yẹ kó jẹ́ tó bá jẹ́ lítà 100 là ń lò fún mọ́tò kan. Epo já sí lítà mẹ́rin ààbọ̀ lójúmọ́. Iye mọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, 12, ìgbà mìíràn 13, ṣùgbọ́n ohun tó ń kù lójúmọ́ ti lé ní ₦10,000. Mi ò fi kọ́bọ̀ kún owó ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ló nira jù. Àgbà inú wọn kọ̀, ó ní òun ló yára jù, kí ló dé tí òun á fi máa bá ọ̀lẹ pín owó. A jókòó, a sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. A fẹnu kò sí ₦1,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ bí mọ́tò wá bí kò wá, lẹ́yìn náà ₦20 nínú ₦100 tí wọ́n jọ máa pín, òun ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, òun nìkan ló ń wa mọ́tò. Sátidé tó kọjá mọ́tò ń jáde láàárín ìṣẹ́jú 50. Kí mọ́tò tó wọlé a máa ń ya fọ́tò ara ẹ̀ yíká, ẹni tó ni ín á sì kó ẹrù ẹ̀ sínú àpò kan tí a kọ nọ́ńbà mọ́tò sí. Olùkọ́ Obìnrin, nítorí ìgò ojú yín ni mo ṣe ṣe ìyẹn.

Pláànù tí mo mú lọ sí kọpurétíìfù, ₦600,000 ni mo ní kí wọ́n yá mi, mo yọ bọ́hóòlù àti maṣíìnì kejì kúrò. Ìbòji àti àga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, táńkà ńlá kan tí ọ̀páǹdá òrùlé máa já sí, àti kòtò mẹ́ta ti Ará Etídò. Oṣù tó burú jù, mo kọ mọ́tò 6 lójúmọ́, mẹ́rin kékeré, jíìpù méjì, ₦14,000. Ìgbà òjò ni, kànga lómi. Tí mo bá yọ owó ọmọ iṣẹ́ ₦5,800, epo ₦2,250, ọṣẹ ₦750, ilẹ̀ ₦800, ₦4,400 kù, ọjọ́ 25 lóṣù jẹ́ ₦110,000. ₦50,000 ni màá máa san padà lóṣù fún ọdún kan, èlé lọ́tọ̀. ₦500 ń lọ lójoojúmọ́ sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ nítorí maṣíìnì. Ìyá oníyán máa bẹ̀rẹ̀ tí ìbòji bá parí, owó ilẹ̀ tí ó máa san, mi ò kà á mọ́ ọn.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ṣé òótọ́ ni iye mọ́tò yẹn. Mo gbé ìwé onílà sórí tábìlì.

Akáúńtáǹtì Bàsírì

Inú mi dùn dénú. Má dá ìwé yẹn dúró o. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí o máa padà sórí pláànù, tí epo bá sì gòkè ju ₦1,000 lọ kí o tún ìnáwó orí mọ́tò kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ₦1,208 nígbà yẹn, ṣírò lọ́jọ́ náà gan-an, ìgbà yẹn ni wàá mọ̀ bóyá ó tó àkókò láti fowó kún ọkọ̀ kékeré.

Bọ̀dá Ìlawẹ̀

Táńkà tó ń lo ọjọ́ méje dípò mẹ́jọ, wo ibi tí rọ́bà ti so mọ́ maṣíìnì, ó lè máa jò díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Odò-Adó

Bọ̀dá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Ó ń jò. Mo gbé ike sábẹ́ ẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti kún. Mò ń lọ ra wáṣà ẹ̀ l'Ọ́jà Ọba báyìí.